Fanagalo, Èdè Abẹ́ Ilẹ̀ Johannesburg

Rosettenville wà ní gúúsù Johannesburg, kò jìnnà sí pápá eré ẹṣin Turffontein. Bí èèyàn bá ti ibẹ̀ ń bọ̀ wá sí àárín ìlú, yóò kọjá lára àwọn òkìtì iyanrìn aláwọ̀ ìyeyè tó ga bí òkè. Ọwọ́ èèyàn ló kó wọn jọ. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ ni iyanrìn náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi sáyánáìdì fa wúrà inú rẹ̀ yọ, wọ́n sì da ìyókù síbẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà náà, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Rosettenville fi di àdúgbò.

Lónìí, ẹni tó bá ń rìn ní òpópónà rẹ̀ lè gbọ́ èdè Potogí lẹ́nu àwọn ará Mozambique, àti lẹ́nu àwọn àgbà kan tí ìdílé wọn wá láti erékùṣù Madeira. Yóò gbọ́ Zulu, yóò gbọ́ Sotho, yóò gbọ́ Ígbò àti Yorùbá, nítorí àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi kó àwọn òkìtì yẹn jáde látinú ilẹ̀, ó ṣòro kó tó gbọ́ ọ. Fanagalo ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Isipiki, àwọn mìíràn ní Isilololo. Nígbà tó dé Zimbabwe, ó di Chilapalapa; nígbà tó dé àwọn ibi ìwakùsà bàbà ní Zambia, ó di Chikabanga. Orúkọ mìíràn tún wà tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ fi ń pè é, èébú sí aláwọ̀ dúdú ni, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Èdè àtọwọ́dá ni Fanagalo, ṣùgbọ́n àtọwọ́dá ju oríṣi kan lọ. Ní 1887, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní Johannesburg, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Zamenhof tẹ ìwé èdè tuntun kan jáde ní ìlú Warsaw. Esperanto nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ṣètò gbogbo òfin rẹ̀, ìdí tó sì fi ṣe é ni pé kí ọmọ aráyé lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnì kan jẹ́ ọ̀gá ẹnì kan. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, àwọn ọmọ ìjọ Oberi Okaime láàrin àwọn Ibibio gba èdè kan ní àwọn ọdún 1930. Medefaidrin ni wọ́n ń pè é, wọ́n gbà pé Ẹ̀mí ló fi hàn wọ́n, ó sì ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Àwọn èdè méjèèjì yìí ní ẹni tàbí ìjọ tó lè dìde pé, tiwa ni. Fanagalo kò rí ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló ṣẹ̀dá rẹ̀, àwọn tó sì ń sọ ọ́ jù lọ kọ́ ni wọ́n ń jẹ èrè rẹ̀.

Kò kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn onímọ̀ èdè gbà ni pé inú oko ìrèké ní Natal ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti India ní 1860. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rajend Mesthrie ti Yunifásítì Cape Town tú àwọn ìwé àtijọ́ wò, ó sì fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn òyìnbó àti àwọn aláwọ̀ dúdú kí ará India kankan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn ajíhìnrere, àwọn àgbẹ̀ òyìnbó àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó tẹ̀lé dáyámọ́ǹdì lọ sí Kimberley, ó sì tẹ̀lé wúrà wá sí Johannesburg. Ibẹ̀ ló ti wá di èdè tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ní kíláàsì.

Ẹ wo ohun tó fa èyí. Àwọn ilé iṣẹ́ ìwakùsà ń kó òṣìṣẹ́ wá láti Mozambique, láti Malawi, láti Lesotho, láti Botswana, láti ilẹ̀ Swazi, láti ilẹ̀ Xhosa ní Transkei. Ẹni tó ń sọ Chewa kò gbọ́ Sotho. Ẹni tó ń sọ Tsonga kò gbọ́ Xhosa. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn, Afrikaans tàbí Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí iṣẹ́ náà pọ̀ jù, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wúrà nìkan tó bí ìdajì mílíọ̀nù. Dípò kí ilé iṣẹ́ kọ́ òyìnbó ní Zulu tàbí Sotho, tàbí kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò wúlò fún un níta, wọ́n mú Fanagalo, nítorí èèyàn lè kọ́ ọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ bí yóò ṣe gbọ́ àṣẹ.

Orúkọ èdè náà gan-an fi ibi tó ti wá hàn. *Fana* ni "jọ" ní èdè Zulu, *ga* tàbí *ka* ni "ti", *lo* sì ni "èyí". Pa wọ́n pọ̀, ó di "bí èyí". *Yenza fana ga lo*: ṣe é báyìí. Gbólóhùn yìí ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀gá tó ń nawọ́ sí irin iṣẹ́, ó sì di orúkọ gbogbo èdè náà.

Ní 1953, onímọ̀ èdè D. T. Cole ṣírò pé bí ìdá 70 nínú 100 àwọn ọ̀rọ̀ Fanagalo ló wá láti Zulu àti àwọn èdè tó bá a tan, ìdá 24 láti Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 6 láti Afrikaans. Èyí ló mú kó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè àdàlù tó kù láyé. Pijin tí a ń sọ ní Èkó àti Warri, Krio ti Sierra Leone, Tok Pisin ti Papua New Guinea, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn fi ṣe ẹran ara. Fanagalo ní tirẹ̀ fi èdè aláwọ̀ dúdú ṣe ẹran ara, ó sì to egungun rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò rọ òyìnbó lọ́rùn. Ẹni tí kò bá gbọ́ Zulu lè rò pé Zulu ni. Ọmọ Zulu kì í ṣe àṣìṣe yẹn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó mú Zulu jẹ́ Zulu gan-an ni wọ́n yọ kúrò. Ní èdè Zulu, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀rí tó wà, ìsọ̀rí náà sì ní àmì tí yóò fi lé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá bá a rìn. Tí ọmọ Zulu bá fẹ́ sọ pé "àwọn bàtà mi ti sọnù", ohun tí yóò sọ ni *Izicathulo zami zilahlekile*. Ẹ fetí sí ìró *z* yẹn bó ṣe ń tẹ̀ lé ara rẹ̀: *izi-* lórí bàtà, *za-* lórí "mi", *zi-* lórí "ti sọnù". Tó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, àmì mìíràn ni yóò lò: *Abantu bami balahlekile*. Etí ọmọ Zulu fi àmì wọ̀nyí ń mọ ohun tó bá ohun lọ, àní bí gbólóhùn bá gùn tó sì lọ́ pọ̀.

Fanagalo da gbogbo èyí nù. *Lo maskatul ga mina lahlekile*. Ó tán. *Skatul* ni bàtà, wọ́n sì fi *ma-* ṣíwájú láti fi hàn pé ó ju ẹyọ kan lọ. *Ma-* kan náà ni fún bàtà, fún ṣọ́bìrì, fún ohunkóhun. *Lo*, tó túmọ̀ sí "èyí" ní Zulu, ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ kékeré tó ń dúró níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe. *Ga mina*, "ti èmi", kì í yí padà rárá. Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ bàtà fúnra rẹ̀. *C* tó wà nínú *isicathulo* kì í ṣe *k*. Ìró kan ni tí ahọ́n máa ń ta lẹ́yìn eyín, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pòṣé. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ṣòro fún òyìnbó àti fún ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó wá láti àríwá, nítorí náà *k* ló sábà máa ń rọ́pò rẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí Zulu ní bí Yorùbá ṣe ní in, ìyẹn náà bọ́ sọnù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu níbí ni pé nígbà tí wọ́n bọ́ Zulu báyìí tán, ohun tó kù sún mọ́ gírámà Yorùbá ju bí Zulu fúnra rẹ̀ ṣe sún mọ́ ọn lọ. Ọmọ Zulu tó fẹ́ sọ pé "n kò mọ̀" yóò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *Angazi*, tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìyísódì àti ìṣe náà ti wà nínú rẹ̀ pọ̀. Fanagalo tú u palẹ̀: *Mina hayi azi*. Èmi, kò, mọ̀. *Mina hamba* ni "mò ń lọ" tàbí "mo máa ń lọ". *Mina zo hamba* ni "èmi yóò lọ", *zo* sì dúró gẹ́lẹ́ sí ibi tí "yóò" wa máa ń dúró sí. Àmì ohun tó ti kọjá ló ń lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀: *mina hambile*, mo ti lọ. Bákan náà ni *-isa* tó ń sọ ìṣe di ohun tí a mú ẹlòmíràn ṣe, bí *funda* tó jẹ́ "kẹ́kọ̀ọ́" ṣe ń di *fundisa*, "kọ́ ẹlòmíràn". Ẹni tó ń ṣe ìṣe ló ń ṣáájú, ìṣe á tẹ̀ lé e, ohun tí a ṣe é sí á kẹ́yìn: *Mina bonile yena*, mo rí i. Ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ Zulu rí lè to gbólóhùn Fanagalo ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ara wọn kò pọ̀: *mina* ni èmi, *wena* ni ìwọ, *yena* ni òun, *thina* ni àwa. *Yena* náà máa ń ṣiṣẹ́ fún ohun tí kì í ṣe èèyàn. Fún ìbéèrè, *ini* ni "kí ni", *pi* ni "ibo", *bani* ni "ta ni", *malini* ni "èló ni". *Wena funa ini?* Kí lo fẹ́? *Wena hamba pi?* Níbo lò ń lọ? Nígbà tí ọjọ́ owó bá sì dé: *Ipi lo mali ga mina?* Owó mi dà? Bí àwọn ìwé ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ kò dọ́gba, nítorí èdè ẹnu ni. Ibi tí ìwé kan ti kọ *ga*, òmíràn yóò kọ *ka*. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìwé náà ni ti J. D. Bold, gírámà àti atúmọ̀ èdè tó jáde ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n sì tún tẹ̀ léraléra fún ogójì ọdún.

Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré, ọ̀rọ̀ kan ní láti ru ẹrù púpọ̀. *Bulala* ni "pa", òun náà ni "bà jẹ́", òun náà ni "ṣe léṣe". *Faka* ni "fi sí", "kì bọ̀", "wọ̀". *Tata* ni "mú", *susa* ni "gbé kúrò", *buya* ni "padà wá". *Tshetsha* ni "yára", *gahle* ni "rọra". *Foshol* ni ṣọ́bìrì, láti inú Gẹ̀ẹ́sì. *Skelem* ni aláìṣòótọ́, láti inú Afrikaans. *Tshisa* ni "dáná sí", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tanná ran okùn àdó tí yóò fọ́ òkúta. *Malayisha* ni àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó òkúta tó fọ́ sínú kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ tó ń fa iṣan yọ. *Layisha* yẹn, "kó ẹrù", ṣì wà láyé: *omalayitsha* ni wọ́n ń pe àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti Johannesburg lọ sí Zimbabwe lónìí.

Ẹni tó bá ka irú ìwé gbólóhùn ojoojúmọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun kan yóò wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àṣẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gbé e, fà á, fọ̀ ọ́, sáré, dákẹ́, padà wá lọ́la. Ìkíni kéré. Ìtọrọ kéré sí i. Ẹ má sì gbàgbé pé ará Zulu, bíi Yorùbá, kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. *Baba* àti *Mama* ni, *Gogo* fún ìyá àgbà, *Mkhulu* fún bàbá àgbà, *Bhuti* àti *Sisi* fún ẹni tó ju ni lọ díẹ̀. Nínú ihò wúrà, *wena* ni ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó ń pe ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ. Aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, *baas boy* ni oyè rẹ̀, ọmọdé ni wọ́n ń pè é títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá àgbà ní tirẹ̀ ni *makhulu baas*. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàrin "o" àti "ẹ", a kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí èyí ń ṣe sí ọkàn èèyàn.

Mo ń ronú nípa ohun tó ń lọ ní Rosettenville lásìkò kan náà. Àwọn àlùfáà Áńgílíkà ti ẹgbẹ́ Community of the Resurrection ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, St Peter's, fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ní àwọn ọdún 1930, Oliver Tambo kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì padà wá di olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Peter Abrahams àti Es'kia Mphahlele, òǹkọ̀wé méjì tí ayé mọ̀, jáde níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Trevor Huddleston, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà, ti fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Hugh Masekela, ní fèrè kàkàkí àkọ́kọ́ tó fọn. Kò jìnnà síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkìtì iyanrìn yẹn, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọkùnrin àgbà ní *tata* àti *faka*. Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè. Ọ̀kan fún èèyàn ní ẹnu tó fi lè bá ìjọba jà ní kóòtù, bí Tambo ṣe ṣe nígbà tó di lọ́yà. Èkejì fún un ní etí tó fi lè gbọ́ àṣẹ. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò sì ṣàì mọ ìyàtọ̀ náà. Ní 1953 wọ́n ṣe òfin Bantu Education, tó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ, tó sì dín ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú kù sí èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ nílò. St Peter's ti ìlẹ̀kùn ní 1956. Kíláàsì Fanagalo ń bá a lọ.

Síbẹ̀, èmi kò ní fara mọ́ ẹni tó bá sọ pé èdè ẹrú lásán ni Fanagalo. Àwọn ihò Johannesburg àti àwọn ìlú tó tẹ̀ lé e jìn ju ibi tí ọkàn lè gbé lọ; Mponeng, tó jìn jù, sún mọ́ kìlómítà mẹ́rin sísàlẹ̀, òkúta ibẹ̀ sì gbóná ju 60 digiri lọ. Ẹ̀rọ tó ń lu òkúta ń pariwo, iná orí akoto nìkan ló ń tànmọ́lẹ̀. Nígbà tí òkè bá fẹ́ já lulẹ̀, kò sí àyè fún ògbufọ̀. *Basopa!* Ṣọ́ra. *Baleka!* Sá. Ẹ̀mí ọkùnrin láti Malawi lè wà lọ́wọ́ ọkùnrin láti Lesotho, ọ̀rọ̀ kan yìí ló sì so wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá gòkè tán, nínú ilé gbígbé tí wọ́n kó wọn sí, Fanagalo náà ni ẹni tó wá láti Gaza ní Mozambique fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wá láti Transkei bóyá ó ti gbọ́ ìròyìn ilé. Ohun tí ọ̀gá dá sílẹ̀ fún àṣẹ, àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n obìnrin kò sí nínú ilé gbígbé wọ̀nyẹn. Òfin kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú aya àti ọmọ wá. Wọ́n á ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, wọ́n á sì padà sílé. Ibí ni Fanagalo ti yàtọ̀ pátápátá sí Pijin tiwa àti sí Krio. Àwọn yẹn bọ́ sí ọjà, wọ́n wọ inú ilé, ọkùnrin Urhobo fẹ́ obìnrin Ìjọ̀ ní Warri, ọmọ wọn sì gbọ́ Pijin lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó gbọ́ èdè kankan. Nígbà tí ọmọ bá gba èdè lẹ́nu ìyá, ọmọ náà á fẹ̀ ẹ́; á fi bú èèyàn, á fi pa àlọ́, á fi kọrin, á fi purọ́, gírámà á sì máa pọ̀ sí i láti ran gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Fanagalo kò rí ọmọ kankan. Awakùsà fi í sílẹ̀ lẹ́nu ihò bó ṣe ń fi akoto rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ èdè ìyá wọn. Nítorí náà ni gírámà rẹ̀ fi wà bó ṣe wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún, láìsanra, láìrù.

Nígbà tí wọ́n dá National Union of Mineworkers sílẹ̀ ní 1982, tí Cyril Ramaphosa jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, ẹgbẹ́ náà kọjú ìjà sí Fanagalo. Wọ́n ní èdè ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni, pé kò lè wúlò fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn òde ilé iṣẹ́, pé kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi í ka ìwé àdéhùn tàbí òfin ààbò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn 1994, nígbà tí ìjọba yí padà, òfin orílẹ̀-èdè tuntun dárúkọ èdè 11 tí ìjọba yóò máa lò, wọ́n sì fi èdè adití kún un ní 2023. Fanagalo kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè abínibí rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Marikana ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Àwọn awakùsà tó ń wa platinum fún ilé iṣẹ́ Lonmin daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, wọ́n sì jókòó sórí òkè kékeré kan. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá bá wọn sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò onírin, Fanagalo ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn awakùsà náà wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀, èdè tó so wọ́n pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni wọ́n gbé lọ sórí òkè. Èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ fún "ṣe é báyìí" ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn kò ní ṣe é mọ́ àfi tí owó bá gòkè. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ọlọ́pàá yìnbọn pa 34 nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó wà ní Rosettenville ju bí wọ́n ṣe lè rò lọ. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ń gbọ́ Zulu nídìí ọjà, tó ń mú ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀, á kàn bá ara rẹ̀ lẹ́nu ohun tó jọ Fanagalo. *Wena funa ini?* ni yóò máa bi oníbàárà rẹ̀. Ó lè rò pé òun ti gbọ́ èdè ìlú. Ìyá arúgbó tó wà níwájú rẹ̀, tó bá ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rí nílé òyìnbó, ìgbà mìíràn ni yóò rántí, inú rẹ̀ kò sì ní dùn.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò mọ sórí inú bíbí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí àwọn kan ń lépa àwọn àlejò káàkiri Johannesburg, wọ́n ń nawọ́ sí ìgúnpá, wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n mú sọ ohun tó ń jẹ́ ní Zulu. *Indololwane* ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wà nínú ewu. Èèyàn 62 ló kú nínú ìjà yẹn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà fúnra wọn sì wà lára wọn. Ní Rosettenville gan-an, ní oṣù Kejì ọdún 2017, àwọn ará àdúgbò kan dáná sun àwọn ilé tí wọ́n ní wọ́n ń ta oògùn olóró níbẹ̀, wọ́n sì nàka sí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Èmi kò ní sọ pé gírámà lè pa iná bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ń kí aládùúgbò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ náà, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀.

Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá. *Sawubona* ni fún ẹnì kan, *Sanibonani* fún ọ̀pọ̀, wọ́n sì máa ń fi èyí bọ̀wọ̀ fún àgbà bí a ṣe ń lo "ẹ". Ìdáhùn ni *Yebo*. *Ngiyabonga* ni "mo dúpẹ́". Nígbà tó bá sì fẹ́ gba omi mu, kó fi *Mina funa manzi* sílẹ̀, nítorí àṣẹ "mo fẹ́ omi" ló ń pa yẹn. *Ngicela amanzi, Mama*: ẹ jọ̀wọ́, mo tọrọ omi, Ìyá. *C* inú *ngicela* ni ìró tí ahọ́n ń ta lẹ́yìn eyín, tí Fanagalo sọ di *k*; kó fi ọjọ́ bíi mélòó kan dán an wò títí yóò fi jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí Fanagalo ti gé Zulu kúrò ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ kiri. Kó kọ́ wọn ní méjì-méjì, ẹyọ àti ọ̀pọ̀ pa pọ̀, kó má sì kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kan láìsí "mi" tó bá a rìn: *umntwana wami*, ọmọ mi, *abantwana bami*, àwọn ọmọ mi, *isicathulo sami*, bàtà mi, *izicathulo zami*, àwọn bàtà mi. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de *ba-* lẹ́yìn *aba-*, àti *za-* lẹ́yìn *izi-*, kí ẹnu tó ṣe tán láti sọ ọ́, ó ti kúrò nínú èdè abẹ́ ilẹ̀.